Ohùn Ìyá Mi Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Kejì

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà yìí. Kápẹ́ẹ̀tì òyìnbó ló wà lábẹ́ àyà mi, kì í ṣe erùpẹ̀ pupa Ìgbẹ́tì, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbà á ní ìdọ̀bálẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Sikírù. Mo kí ọkọ wọn, Bàbá Sikírù, tó ń tún rédíò ṣe nísàlẹ̀ ọjà. Mo kí gbogbo agbo ilé wa, lọ́mọdé lágbà. Ìyá mi nìkan ni n kò kí. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀, èmi náà sì ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sí. Lẹ́tà tí mo bá fi sínú àpòòwé, Ìyá Sikírù ní í kà á sí yín létí, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá dé ibi tó le, wọn yóò fò ó kí ọkàn yín má bàa gbọgbẹ́. Eléyìí, ẹnikẹ́ni tó bá ra ìwé ìròyìn ní Ìgbẹ́tì lè kà á fún yín láti òkè délẹ̀. Àti pé èmi nìkan kọ́ ni ọmọ Òkè-Ògùn tó wà lẹ́yìn odi. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà lónìí tí wọ́n ń fi lẹ́tà kí ẹni tí kò sí mọ́. Mo fẹ́ kí àwọn ará ilé wọn gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ara mi ti yá, ẹ má fòyà. Ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn là ń kó sínú ẹ̀rọ gbígbóná láti àárọ̀, òógùn a sì bo wá lójú. Bí a bá ṣíwọ́, inú òtútù la ń bọ́ sí. Òtútù ibí kò jọ ti ọyẹ́. Ọyẹ́ ilé wa a máa la ètè, a máa fún awọ ara, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá gòkè, gbogbo rẹ̀ a dẹ̀. Níbí, oòrùn lè yọ kó má mú nǹkan kan dání. Àwọn èèyàn ibí kò burú, Bàbá, ilẹ̀kùn wọn ló pọ̀. Ẹni tó ń gbé yàrá tó wà lókè tèmi, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Bí mo bá rí i ní títì, n kò lè mọ̀ ọ́n.

Ìdáwà yìí ló jẹ́ kí n kó ẹ̀rọ orin jọ sínú yàrá mi. Ẹ rántí gìtá tí mo máa ń ta lẹ́yìn ilé, tí ẹ máa ń bi mí pé ìgbà wo ni igi náà yóò so èso. Kò tíì so ó. Ṣùgbọ́n mo ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan lọ́wọ́ ọmọ Jàmáíkà kan tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé. Kásẹ́ẹ̀tì lásán ló ń lò, irú èyí tí Bàbá Sikírù ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, àmọ́ ọ̀nà mẹ́rin ló ní lórí téèpù kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n fi oko ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹ bá kọ poro mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ lè gbin iṣu sí ti àkọ́kọ́ lónìí, kí ẹ gbin àgbàdo sí èkejì lọ́la, iṣu kò sì ní tìtorí àgbàdo hú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo lè kọrin sí ọ̀nà kìíní, kí n dá téèpù padà sẹ́yìn, kí n máa gbọ́ orin náà létí bí mo ṣe ń ta gìtá sí ọ̀nà kejì. Bí mo bá fi máa ṣe tán, èmi nìkan á ti di ẹni mẹ́rin.

Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri. Mo gbé fóòmù tí mò ń sùn lé dúró ti fèrèsé kí ariwo ọkọ̀ má bàa wọlé. Igi ìgbálẹ̀ ni mo so máíìkì mọ́. Ọjọ́ Àìkú tí iṣẹ́ kò sí, màá ti ilẹ̀kùn, màá fi iafóònù ńlá tí a fi ń gbọ́ orin bo etí méjèèjì, n kò sì ní rántí pé èmi nìkan ni mo wà nínú ilé.

Ibẹ̀ ni mo wà tó fi wá sí mi lọ́kàn pé ohùn tó yẹ kó wà ní ọ̀nà kìíní kì í ṣe tèmi. Ta ló ń kọ wákà ní Ìgbẹ́tì tó tó Ìyá mi? Bí wọ́n bá ti gbé orin nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, àwọn tó kù ò ní mọ̀gbà tí wọ́n dìde. Mo kọ̀wé sí Ìyá Sikírù pé kí wọ́n jókòó ti Ìyá pẹ̀lú rédíò-kásẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, kí n lè fi gìtá gbè é.

Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ yẹn dé, Bàbá. Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ mọ bó ṣe rí. Igbe ni Ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kígbe orúkọ mi débi pé ohùn náà fọ́ lórí téèpù, mo sì yára yí bọ́tìnnì sílẹ̀. Mo gbọ́ Ìyá Sikírù tí wọ́n ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra, pé ẹ̀rọ náà ń gbọ́. Ìyá mi ní, ṣé ìdí Kìṣí níbí ni Lọ́ńdọ̀nù wà ni, tí ẹni tó wà níbẹ̀ á fi gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́? Mo rẹ́rìn-ín títí tí onílé mi fi kan ilẹ̀kùn.

Wọ́n kí mi tán, wọ́n wá kọrin. Àwọn fúnra wọn ló hun ún:

Ọmọ mi tó wà lájò, afẹ́fẹ́ ló ń kí ọ,
Òjò tó rọ̀ sórí òkè wa, ó ń bi mí léèrè rẹ.
Mo ní ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ẹ má fara pa mọ́ sẹ́yìn òkè,
Ẹni tó ń bọ̀ nílé, ẹ máa rọ̀ dè é.

Nígbà tí orin parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n ti ní, “Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ,” àwọn tó ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta mábù lórí òkè yìn ín, ó dún gbòòò. Ewúrẹ́ kan figbe ta. Ìyá mi ní, “Ẹ ò gbọ́ bí? Òkúta náà ti ṣe àmín.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín tiyín náà, Bàbá, ẹ̀rín tó máa ń parí sí ikọ́. Lẹ́yìn náà ni Ìyá mi kí mi pé ó dàbọ̀.

Mo fi ohùn wọn sí ọ̀nà kìíní. Oṣù mélòó kan ni mo fi ta gìtá sí i, nítorí pé Ìyá mi kì í dúró dé ẹnikẹ́ni. Ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ti ń fa orin gùn, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ti ń gé e. Mo ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, kí n tó lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí n ta okùn.

Ìgbà òtútù ọdún yẹn ni àìsàn òtútù àyà gbé mi ṣánlẹ̀. Ẹ gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn tí mò ń fọ aṣọ wọn, mo sì sùn lórí irú aṣọ tí èmi fúnra mi ń ká. Nọ́ọ̀sì kan ló bá mi kọ lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lédè òyìnbó, torí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Lẹ́tà tí ẹ dá padà dé nígbà tí ara mi ti ń yá. Ẹ ní kí n ní sùúrù, kí n máa lo oògùn, ẹ ní gbogbo ilé ń gbàdúrà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ ní, “Ìyá rẹ ń kí ọ.”

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yín lẹ́nu pé kí Ìyá tún gba ohùn sílẹ̀ fún mi. Mo ní àdúrà ni mo fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, kí n fi parí orin náà. Ẹ ní Ìyá lọ sí oko. Mo tún kọ̀wé. Ẹ ní ohùn wọn ha. Mo ní kí wọ́n fi oyin sínú omi gbígbóná mu, kí wọ́n má ru igi mọ́, pé igi rírù ló ń fa ọrùn wọn. Nínú gbogbo lẹ́tà wọ̀nyẹn, ìlà tó kẹ́yìn kò yẹ̀: “Ìyá rẹ ń kí ọ.”

Nígbà tó yá, Tíṣà Ọláòyè dé. Ọmọ Ṣakí ni, ó ń kọ́ni nílùú wa, ojúgbà mi sì ni. Ó wá kẹ́kọ̀ọ́ sí i nílùú òyìnbó. Ó mú gaàrí, iru àti kásẹ́ẹ̀tì kan bọ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n mi ló fi rán òun, pé ohùn Ìyá ló wà níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé n kò wo ojú rẹ̀ dáadáa. Lójú ẹsẹ̀ ni mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rédíò kékeré tó wà ní ilé ìdáná. Ìyá mi kí mi, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní ó dàbọ̀. Kò gùn. Pé ọ̀rọ̀ náà jọ ti àtẹ̀yìnwá kò yà mí lẹ́nu, nítorí ìkíni àti àdúrà ìyá fún ọmọ rẹ̀ kì í yàtọ̀. Mo ní, “Ṣé o gbọ́ bí ohùn wọn ṣe mọ́? Ìyẹn ni pé oyin yẹn ṣiṣẹ́.” Tíṣà ní òun fẹ́ tètè lọ, torí òun kò mọ ọ̀nà ilé dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni mo jókòó sí ìdí ẹ̀rọ láti mú àdúrà náà so mọ́ ìparí orin. Mo fi iafóònù bo etí. Bàbá, rédíò kékeré kì í lè gbé ìró tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìyẹn ìró tó ń dún nínú ilẹ̀ ju inú afẹ́fẹ́ lọ. Iafóònù ń gbé e. Ìyá mi ní, “Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ,” mo sì gbọ́ ọ lábẹ́ ohùn wọn: gbòòò. Ewúrẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ igbe, igbe náà kò dé ìdajì tí ẹnì kan fi gé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá mi ní ó dàbọ̀.

Mo dá téèpù padà. Mo tún gbọ́ ọ. Mo ń sọ fún ara mi pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọ́ òkúta, pé ewúrẹ́ pọ̀ nílé wa. Ṣùgbọ́n n kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mú àdúrà tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, mo gbé e sí ọ̀nà kẹta. Mo mú ti kásẹ́ẹ̀tì kejì, mo gbé e sí ọ̀nà kẹrin. Mo gbìyànjú títí mo fi mú kí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Ohùn méjì kò jáde. Ohùn kan ló jáde. Ó nípọn, ó dúró sí àárín orí mi bí ẹni pé Ìyá mi wà nínú yàrá náà. Èémí bọ́ sórí èémí, ikọ́ bọ́ sórí ikọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́jọ́ méjì kó mí síbì kan náà. Nítorí pé eré ẹ̀rọ méjì kì í ṣe ọgbọọgba, nígbà tó ṣe, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá di méjì: Ìyá mi ń lọ níwájú, Ìyá mi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọn kò sì bá ara wọn mọ́. Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo mọ̀.

Ilé Tíṣà Ọláòyè ni mo gbà lọ pẹ̀lú aṣọ ilé lọ́rùn. Mo bi í léèrè pé ìgbà wo ni ó fojú ara rẹ̀ rí Ìyá mi gbẹ̀yìn. Ó ṣí fìlà lórí. Ó ní, “Gàníyù, jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun.” Mo ní n kò ní jẹun. Ó ní Ìyá Sikírù ti mú òun búra. Mo ní kó má wulẹ̀ sọ ọ́, kó ṣáà wí fún mi bí wọ́n bá ń bẹ láyé, n ó sì máa lọ. Ó fà mí mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí èmi tó sunkún.

Ó wá sọ ọ́. Ó ní ìgbà ọyẹ́ ni, nígbà tí mo wà lórí ibùsùn àìsàn gan-an. Ìyá mi ti oko ẹ̀gúsí dé lọ́sàn-án, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, wọ́n sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ gbé wọn sínú ọkọ̀ láti lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣakí. Kòtò ọ̀nà pupa yẹn kò jẹ́ kí ọkọ̀ sáré, ẹ̀mí sì ti bọ́ kí ẹ tó dé. Ó ní orí itan yín ni orí wọn wà. Ó ní ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín títí tí ọkọ̀ fi padà sí Ìgbẹ́tì. Lẹ́yìn tí wọ́n sin wọ́n tán, ni lẹ́tà nọ́ọ̀sì dé. Ẹ ní ẹni tó wà lórí ibùsùn àìsàn, a kì í ju irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lù ú. Ẹ ní bí ó bá gbádùn, a ó sọ fún un. Nígbà tí mo sì gbádùn, kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń béèrè ohùn Ìyá lemọ́lemọ́, Bàbá Sikírù ló fi ẹ̀rọ méjì da ti tẹ́lẹ̀ kọ, tí wọ́n gé igbe, orin àti ẹ̀rín kúrò.

Mo bínú, Bàbá, irọ́ kò sí níbẹ̀. Mo bínú sí yín, mo bínú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo bínú sí ọkọ wọn tí ọwọ́ wọn mọ́ níbi iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe ń ká aṣọ ibùsùn lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà yí padà lọ́kàn mi. Mo rí yín lójú ọkàn, lórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Sikírù ń ka lẹ́tà mi sí yín létí. Kí Ìyá fi oyin sínú omi gbígbóná mu. Kí Ìyá má ru igi mọ́. Ṣé ìró orin yẹn dùn mọ́ Ìyá? Ẹ̀yin tí ẹ gbé wọn sórí itan lẹ jókòó tí ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀, lẹ́tà tẹ̀ lé lẹ́tà, ẹ wá ní kí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ó ń kí mi. Ta ló ń kí ẹ̀yin?

Nítorí náà, ẹ gba ìkíni yìí lọ́wọ́ mi, bó tilẹ̀ pẹ́. Ẹ kú ìrójú, Bàbá mi. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú ìdánìkanjókòó. Ẹ kú ẹrù tí ẹ gbà rù fún mi láìsọ. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, kò ní jẹ́ kí ẹ rí àkúfà. Mo dárí jì yín bí ohun tí ó yẹ kí n dárí jì bá wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún Bàbá Sikírù pé n kò ní wọ́n sínú. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n má sá fún mi nínú lẹ́tà mọ́.

Mo lọ sí mọ́ṣáláṣí kan lágbègbè wa níbí, ti àwọn ará Bángíládẹ́ṣì. Mo sọ fún ìmáàmù pé ìyá mi ti kú, pé mo fẹ́ kí wọ́n bá mi tọrọ ìdáríjì fún wọn. Ó bi mí léèrè orúkọ wọn. Mo ní Ìyá Ráfátù, torí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi la fi ń pè wọ́n. Ó ní rárá, orúkọ tiwọn gan-an. Ní gbogbo ayé mi, n kò tíì pe orúkọ ìyá mi sókè rí. Ọmọ wo ni í ṣe bẹ́ẹ̀? Mo wá pè é: Rábíátù. Àwọn ọkùnrin tí kò gbọ́ èdè wa, tí wọn kò mọ ibi tí Ìgbẹ́tì wà, gbọ́wọ́ sókè pẹ̀lú mi, wọ́n sì pe orúkọ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún bí ọmọ.

Ní ti orin náà, mo ti parí rẹ̀. N kò fi kún un mọ́, n kò sì gé nǹkan kan. Àwọn kan níbí ti gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ àwo. Mo ní ó di ìgbà tí mo bá gbàṣẹ lẹ́nu yín. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan ní mọ́ṣáláṣí wa kò fẹ́ kí a máa fi ẹ̀rọ gbé ohùn òkú jáde. Bí ẹ bá ní kó dúró sínú àpótí, á dúró. Bí ẹ bá ní kó jáde, á jáde. Ẹ̀yin lẹ ni ín.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí ara yín kò bá yá, ẹ sọ fún mi. Bí oko kò bá ṣe dáadáa, ẹ sọ fún mi. Bí ilé bá dá lójú yín lálẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà bí ó ṣe rí. Ẹ má fi irọ́ dáàbò bò mí mọ́. Ìbànújẹ́ tí wọ́n bá pín kárí ilé ṣeé gbé. Èyí tí mo dá gbé fúnra mi nínú yàrá títì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi lọ́rùn.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti fún mi láyè, mo sì ń bọ̀ nílé nígbà ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ má pe èèyàn jọ pé àrè ọmọ dé. Ẹ má pa ẹran. Àwọn ará ilé ti sunkún tiwọn, omi ojú wọn ti gbẹ, koríko sì ti hù lórí ibojì. Èmi kò tíì sunkún níbi tó yẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ó ti pẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ní ó tó. Ẹ fà mí lọ́wọ́ débẹ̀, kí ẹ jókòó tì mí, kí n sì ṣe é bí ẹni pé àná ni.

Ọlọ́run á forí jin Ìyá mi, á fi àlùjánà kẹ́ wọn. Á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àwọn ará mọ́ṣáláṣí, àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń gberin lẹ́yìn Ìyá mi.

Èmi ni ọmọ yín, tí ojú yín ń wá,

Gàníyù.